Omi Tó Há Sínú Ọkọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ta ọkọ̀ fáíbà tó ti gbó, gbólóhùn kan ló máa ń tẹnu mọ́: "Fáíbà kì í jẹrà." Kò parọ́. Ohun tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ nìyẹn létí omi ní Ìkòròdú, lọ́jọ́ tí a lọ wo ọkọ̀ kan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 22, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó èrò lọ kó èrò bọ̀ lórí ọ̀sà kí wọ́n tó wọ́ ọ sórí iyanrìn. A fi kànrìnkàn àti ọṣẹ fọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dán bí abọ́ tuntun. A dúnàádúrà, a sanwó. Ẹni tó tà á kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àwa náà kò sì béèrè. Igi ni.

Fáíbà jẹ́ òwú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n rẹ sínú rẹ́sìn títí ó fi gan. Láti ìgbà tí Ray Greene ti fi fáíbà àti rẹ́sìn polyester kan ọkọ̀ ní ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà ní 1942, ọgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì yí padà púpọ̀. Ó lágbára gan-an, ṣùgbọ́n tí ó bá fẹ̀ tí kò sì nípọn, ńṣe ló máa ń mì bí páànù òrùlé. Kó má baà máa mì, àwọn tó ń ṣe é á fi igi sí i nínú. Ìdí ọkọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ń gbé kọ́, pláíwúùdù tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìpele méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà láàárín rẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, igi gbọọrọ ló na láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ náà, pláíwúùdù ni. Wọ́n wá fi fáíbà wé gbogbo rẹ̀ bí a ti ń wé ẹ̀kọ. Ewé kì í jẹ́ kí ẹ̀kọ tètè gbẹ. Fáíbà náà kì í jẹ́ kí igi tó bá ti gbomi mu gbẹ mọ́. Omi tó bá ti ráyè wọ ibẹ̀, ó ti há nìyẹn.

Ohun tó ń jẹ igi náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìbátan olú ni, irú èyí tó ń hù lára kùkùté nínú oko. Ó fẹ́ igi tí yóò jẹ, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó fẹ́ ooru, ó sì fẹ́ omi. Nílẹ̀ tiwa yìí, ooru kò ṣẹ̀ṣẹ̀ níí wá. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ihò bọ́ọ̀tì kan tó o jẹ. Omi nìkan ló ṣẹ́ kù tí ọwọ́ wa lè ká. Igi tí omi inú rẹ̀ kò bá tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi náà nígbà tó bá gbẹ, olú yìí kò lè hù lára rẹ̀. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ ti délé.

Irú omi tó jẹ́ náà ṣe pàtàkì, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti ń ṣìnà. Wọ́n rò pé omi òkun ló ń ba igi jẹ́. Iyọ̀ kì í jẹ́ kí olú igi gbádùn ara rẹ̀. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ onígi ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà láyé àtijọ́ mọ èyí dájú, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da iyọ̀ sáàárín àwọn igi ìhà ọkọ̀ kí wọ́n tó kan pákó pa á. Omi òjò ló ń jẹ ọkọ̀ fáíbà. Ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí oòrùn ń pa, tí awakọ̀ ń gbọ́n omi inú rẹ̀, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún kí nǹkan kan tó ṣe é. Èyí tí wọ́n wọ́ sẹ́bàá omi "fún ìgbà díẹ̀", tí kò ní tapólì lórí, tí wọ́n sì dí ihò ìdí rẹ̀ gbọin, òun ni òjò máa ń kún láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá. Omi náà á dúró síbẹ̀, á máa wá ihò. Ihò kì í sì í wọ́n: ihò síkúrúù tí wọ́n fi de ìjókòó, ihò bọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì, ihò tí ẹnì kan dá lu lọ́jọ́ kan ṣáá kó lè rí ibi gba wáyà pọ́ńpù kọjá, tí kò sì fi ohunkóhun dí i lẹ́yìn náà.

Tiwa, bí wọ́n ṣe tà á fún wa nìyẹn, omi òjò kún inú rẹ̀.

Bàbá kan wà létí omi náà tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó bí wa. Bàbá Ìlàjẹ ni gbogbo èbúté ń pè é. Nígbà tí a pè é wá, kò wo bí ọkọ̀ náà ṣe ń dán. Ó mú òòlù kékeré kan jáde nínú àpò, ó ń fi kan ìdí ọkọ̀ náà láti òkè wá sísàlẹ̀, bí onílù tó ń wá ohùn ìlù. Lókè, ó ń dún kó, kó, kó. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ dé ibi ihò bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ohùn náà yí padà di gbù, gbù. Ó fi gègé ya ìlà yí ibẹ̀ ká. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi gun ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. A rí i tí ìdí ọkọ̀ náà ń ṣí tó sì ń padé díẹ̀díẹ̀ níbi tó ti pàdé ẹ̀gbẹ́. Ó tú bọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ kan. Omi aláwọ̀ tíì tí kò ní mílíìkì ṣàn jáde, òórùn rẹ̀ sì bú.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ó ní, "igi yín ti di ẹ̀kọ."

Ẹni tí kò bá dá etí rẹ̀ lójú, ọ̀nà míì wà. Kó fi díríìlì tẹ́ẹ́rẹ́ lu ihò bíi mélòó kan láti inú, kó má gba òde, kó sì wo ìyẹ̀fun igi tó bá jáde. Èyí tó funfun, tó sì gbẹ, dára. Èyí tó dúdú, tó lẹ̀ mọ́ irin díríìlì bí ẹrẹ̀, ó ti dáhùn ìbéèrè. Láti inú ni, nítorí ihò tí a bá lu síta lábẹ́ ojú omi, àwa fúnra wa la tún ṣí ilẹ̀kùn tuntun yẹn.

Ìdẹwò kan wà níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Àwọn kan á ní kí a lu ihò wẹ́wẹ́ káàkiri, kí a da rẹ́sìn tó ṣàn dáadáa sínú rẹ̀, kó lè wọ inú igi tó jẹrà, kó sì le. Owó rẹ̀ kò pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì yá. Èmi ò gbà á gbọ́. Igi tó ti mumi yó kò ní ibi tí yóò gba rẹ́sìn sí. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé etí ihò kọ̀ọ̀kan á le, gbogbo àárín á sì wà ní rírọ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú omi rẹ̀ àti olú rẹ̀, tí a ti wá dé mọ́ inú. Bí ibi tó bàjẹ́ bá kéré bí àtẹ́lẹwọ́, tí a sì ti fi sùúrù gbẹ ẹ́ tán, ó lè jẹ́. Ìdí tí ẹ́ńjìnnì tó wúwo ń gbé kọ́ kì í ṣe ibi tí a ti ń fi iṣẹ́ dánwò.

A gé e. Inú ni a ti gé e, kí awọ òde lè dúró bó ṣe wà, kó máa pa ìrísí ọkọ̀ mọ́. A gé awọ inú yípo, a fi etí rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí fáíbà tuntun lè rí ohun tí yóò dì mọ́. Igi ìsàlẹ̀ kò fẹ́ irinṣẹ́, ọwọ́ la fi ń họ ọ́. Èyí tó wà lókè ló fẹ́ agídí, nítorí ó ṣì le, ó sì dì mọ́ fáíbà pinpin. A kò sì dúró níbi tí ojú ti rí ìjẹrà mọ. Gbòǹgbò olú tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun lọ, ó sì máa ń gba inú igi tó dà bíi pé ara rẹ̀ yá kọjá. Gbogbo pláíwúùdù ìdí náà la kó jáde.

Nígbà tí a ṣí ilẹ̀ ọkọ̀, a bá fóòmù tí wọ́n dà sábẹ́ rẹ̀ kí ọkọ̀ má baà rì. Ó ti mumi bíi kànrìnkàn. Ẹnì kan fún ègé rẹ̀ kan lọ́wọ́, omi sì ń kán. Ọkọ̀ tí irú èyí bá wà nínú rẹ̀ á máa rù ẹrù tí kò lérè lójoojúmọ́, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo, olówó rẹ̀ á sì máa bá mẹkáníìkì jà. A kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ibí yìí ni àṣìṣe tiwa wà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Oṣù Keje ni. Bàbá Ìlàjẹ ní kí a fi tapólì bò ó, kí a dúró de ọyẹ́. A rò pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀ ni. Nígbà tó lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, a wá ẹlòmíì, a fi pláíwúùdù tuntun sí i, a fi fáíbà bò ó pa láàárín òjò méjì. Kò tó ọdún méjì tí òòlù tún fi ń dún gbù. Afẹ́fẹ́ oṣù Keje nílùú Èkó tutù débi pé aṣọ tí a sá kì í gbẹ tán. Báwo ni igi yóò ṣe gbẹ? A ti mú omi há sínú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara wa, a sì sanwó iṣẹ́ ọ̀hún.

Lẹ́ẹ̀kejì, a dúró. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, tí ètè ń ya, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ fáíbà dára jù nílẹ̀ wa. Kò tún sí ìdí láti máa méfò. Ẹ gé nylon tó mọ́lẹ̀ gaara, ẹ fi tépù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ojú fáíbà inú ọkọ̀ lálẹ́, kí ẹ wò ó láàárọ̀. Tí omi bá ti sé sí abẹ́ rẹ̀ bí ìrì, kò tíì gbẹ. Àárọ̀ mọ́kànlá la fi wo tiwa kí nylon náà tó mọ́.

Ọ̀rọ̀ igi kàn. Pláíwúùdù tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe àjà ilé àti àga kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, kódà bó nípọn. Ọ̀pọ̀ igi rírọ̀ bí arère, tó fúyẹ́ tó sì rọrùn láti gé, kì í pẹ́ nínú omi, àlẹ̀mọ́ tí wọ́n fi so ìpele rẹ̀ pọ̀ sì lè máa yọ́ tó bá ti rin. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ omi ní òǹtẹ̀ BS 1088 lára. Òfin rẹ̀ ni pé àlẹ̀mọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù omi gbígbóná, kò sì gbọdọ̀ sí àlàfo ńlá láàárín àwọn ìpele rẹ̀, nítorí àlàfo jẹ́ ìkòkò omi. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kò ṣòro láti tẹ̀. Bàbá Ìlàjẹ gé ègé kékeré kan nínú èyí tí a rà, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò ìyàwó rẹ̀, ó sè é láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó ní bí ìpele rẹ̀ bá ṣí, kí a dá a padà fún ẹni tó tà á. Kò ṣí. Ìyá náà bínú nítorí ìkòkò.

Àwọn kan á ní kí a lo ìrókò dípò pláíwúùdù. Orúkọ igi yìí ni wọ́n mú lọ bẹ́ẹ̀ láti inú èdè wa, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní. Kì í tètè jẹrà. Ó dára fún igi ìhà àti ìjókòó, ṣùgbọ́n ó wúwo, òróró inú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí rẹ́sìn dì í mú dáadáa àfi tí a bá kọ́kọ́ fi acetone nù ún. Eruku rẹ̀ náà máa ń yún ni. Fún ìdí ọkọ̀, pláíwúùdù gidi ni mo fara mọ́.

Kí pákó kankan tó wọ inú ọkọ̀, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ mu rẹ́sìn yó. Ojú ibi tí wọ́n gé igi ni ẹnu rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fa omi bí ọmọdé ṣe ń fi ìgò òyìnbó fa wàrà. A kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, títí tí kò fi fà á mọ́.

Ní ti rẹ́sìn, polyester ló pọ̀ jù lọ́jà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Àwọn ọlọ́jà kẹ́míkà á wọn ọ́n fún yín pẹ̀lú ìgò kékeré méjì: èyí tó ń mú un gan, tí wọ́n ń pè ní catalyst, àti èyí tó ń mú un yára. Ẹ má ṣe da omi ìgò méjèèjì pọ̀ mọ́ra láé. Iná ni, ó sì lè bú gbàmù. Ọ̀kan á kọ́kọ́ po mọ́ rẹ́sìn tán kí èkejì tó tẹ̀ lé e. Catalyst yìí, ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló tó. Nínú ooru tiwa, ìdá kan ni kí a fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rẹ́sìn á gan sínú báákẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú èéfín. Ẹ̀kán rẹ̀ kan lójú lè fọ́ ojú. Mo ti rí ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán rò ó, tó ń rẹ́rìn-ín. Èmi kò bá a rẹ́rìn-ín.

Polyester dì mọ́ fáíbà, kì í dì mọ́ igi bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń gbọ̀n lórí ìgbì lọ́dún dé ọdún, ó lè bọ́ lára igi díẹ̀díẹ̀, àlàfo tó bá ṣí láàárín wọn, omi ló ni ín. Epoxy wọ́n jù ú lọ níye, ṣùgbọ́n ó máa ń di igi mú bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Epoxy la lò níbi tí igi àti fáíbà ti pàdé. Àwọn nǹkan mẹ́ta kan wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ lò ó mọ̀. Epoxy máa ń dì mọ́ polyester tó ti gbó, ṣùgbọ́n polyester tí a bá kùn sórí epoxy kì í gan dáadáa. Nítorí náà ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú epoxy, kó fi parí rẹ̀. Máàtì tí òwú rẹ̀ gé wẹ́wẹ́, tí gbogbo oníṣẹ́ ń lò, polyester ló lè yọ́ àlẹ̀mọ́ tó so ó pọ̀, epoxy kò lè yọ́ ọ; èyí tí wọ́n hun tàbí tí wọ́n fi òwú rán ni kí ẹ bá epoxy lò. Tí epoxy bá sì gan tán, ohun kan bí ọ̀rá máa ń wà lójú rẹ̀. Omi lásán àti kànrìnkàn ló ń mú un kúrò. Sáńpépà tí a bá fi bẹ̀rẹ̀ á kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé ni.

Níbi tí fáíbà tuntun ti pàdé ògbólógbòó, a kì í fi wọ́n kan ara wọn ní ojúkojú bí bíríkì. A máa ń fá ti àtijọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ibi tí a fá fẹ̀ tó ìlọ́po 12 bí fáíbà náà ṣe nípọn. Bó bá nípọn tó mìlímítà 5, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà á tó mìlímítà 60. Eruku rẹ̀ burú. Ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, ẹ fi ìbòmú gidi bo imú. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a fá tiwa, ẹ̀gbọ́n mi tí kò gbọ́rọ̀ jókòó sínú agbada omi, ó ń họra bí ẹni tó wọ igbó wèrèpè.

Ẹ̀yìn náà ni ihò kàn, ohun tí mo sì rò pé ó ju gbogbo èyí tí mo ti sọ lọ nìyí. Bọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gba àárín igi tuntun yìí kọjá. Tí a bá lu ihò tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú bọ́ọ̀tì, tí a ki bọ́ọ̀tì bọ̀ ọ́, tí a sì fi gọ́ọ̀mù yí orí rẹ̀ ká, ọjọ́ tí gọ́ọ̀mù náà bá là ni igi bẹ̀rẹ̀ sí í mu. Gọ́ọ̀mù gbogbo ló sì máa ń là lọ́jọ́ kan, nítorí ẹ́ńjìnnì kì í sinmi gbígbọ̀n. Ohun tí Bàbá Ìlàjẹ kọ́ wa ni pé kí a lu ihò náà tóbi ju bọ́ọ̀tì lọ dáadáa, kí a fi tépù dí ẹ̀yìn rẹ̀, kí a fi epoxy tí a ti po nípọn kún un dẹ́nu, kí a jẹ́ kó gan mọ́jú, kí a wá lu ihò bọ́ọ̀tì gan-an sí àárín epoxy náà. Bọ́ọ̀tì á wá wà nínú ọ̀pá epoxy, kò ní fojú kan igi rárá. Gọ́ọ̀mù lè là. Omi tó bá wọlé á bá ògiri pàdé. Bákan náà la ṣe fún ihò ìdí ọkọ̀, fún síkúrúù ìjókòó kọ̀ọ̀kan, àti fún ìṣó pẹ́pẹ́ẹ̀pẹ́ tó di àpótí bátìrì mú. Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà wá. Kò sí ẹni tó ń wo ọkọ̀ náà tó lè mọ̀ pé a ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Àwọn bọ́ọ̀tì tí a tú jáde ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ irin. Sítéńlẹ́ẹ̀sì ni wọ́n, orí wọn ń dán, nọ́ọ̀tì wọn ń dán, àmọ́ àárín wọn, níbi tó wà nínú igi tútù, ti jẹ bí ìrèké tí eku họ. Èèyàn á rò pé sítéńlẹ́ẹ̀sì kì í dípẹtà. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni awọ tínrín kan tí kò ṣeé fojú rí, tí krómíọ̀mù inú rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ jọ ń dá sí i lára. Bí a bá họ ọ́, òmíràn á yọ lójú ẹsẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá dé, awọ náà kò lè yọ mọ́. Omi tó há sínú ihò kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Omi kan náà tó jẹ igi ló jẹ irin, lójú ihò kan náà. Èyí tí wọ́n kọ 316 sí lára ní molybdenum nínú, ó ń fara dà á ju 304 lọ, ṣùgbọ́n òun náà kò fẹ́ràn àhámọ́.

Ìpẹtà kejì yàtọ̀ sí èyí, ìtàn rẹ̀ sì dùn. Ní 1761, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì fi bàbà bo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ogun kan, HMS Alarm, kí ìdin igi má baà jẹ ẹ́. Ìṣó onírin ni wọ́n fi kàn án mọ́ igi. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní 1763, bàbà ń já sílẹ̀, nítorí àwọn ìṣó ti di lẹ́búlẹ́bú. Àwọn díẹ̀ ṣì le kánkán. Nígbà tí wọ́n wò wọ́n fínnífínní, wọ́n rí i pé pépà tí wọ́n fi wé bàbà náà nígbà tí wọ́n kó o dé ló há sáàárín rẹ̀ àti orí ìṣó wọ̀nyí, kò sì jẹ́ kí irin fara kan bàbà. Irin méjì tí kò dọ́gba, tí wọ́n fara kanra nínú omi oníyọ̀, bátìrì ni wọ́n dà. Èyí tó rẹlẹ̀ nínú wọn á máa yọ́ kí èkejì lè wà. Ní 1824, Humphry Davy yí ọ̀rọ̀ náà padà sí ìwòsàn: ó ní kí wọ́n so síǹkì tàbí irin mọ́ bàbà ọkọ̀, kí òun máa yọ́ dípò rẹ̀. Wọ́n dán an wò lára HMS Samarang. Bàbà náà kò yọ́ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ewéko àti ìṣáwùrú wá kún ìdí ọkọ̀ náà, nítorí májèlé inú bàbà tó ń yọ́ ló ti ń lé wọn.

Ohun tí Davy ṣe yẹn ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ánóòdù, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bọ́ọ̀tì dè mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹbọ ni: a fi í lélẹ̀ kí ohun tó ń jẹ irin lè rí nǹkan jẹ. Alumíníọ̀mù ni ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá tó di pùròpẹ́là rẹ̀ mú sì jẹ́ sítéńlẹ́ẹ̀sì. Bí kò bá sí ánóòdù, alumíníọ̀mù ló máa sanwó. Àwọn èèyàn kan máa ń kun ọ̀dà sí ánóòdù kó lè bá ẹ́ńjìnnì mu. Ẹbọ tí a dé ọmọrí lé, ta ni yóò jẹ ẹ́? Bó bá ti yọ́ dé ìdajì, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọdún bá yípo tí kò yọ́ rárá, kí a má dúpẹ́. Ó lè jẹ́ pé kò fara kan irin dáadáa.

Ọ̀sà Èkó tún ní ìṣe tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun á wọlé, iyọ̀ á pọ̀. Nígbà òjò, omi odò Ògùn àti àwọn yòókù á ya wọ̀ ọ́, iyọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lápá Ẹ̀pẹ́ lọ́hùn-ún, omi tí kò níyọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ánóòdù síǹkì, tó jẹ́ ti òkun, máa ń hu ẹ̀fun sára nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò tó, á sì dákẹ́ iṣẹ́. Ti magnesium, tó jẹ́ ti omi tí kò níyọ̀, á yára yọ́ tán tí iyọ̀ bá dé. Ti alumíníọ̀mù ló bá ọ̀sà tiwa mu jù, èyí tí wọ́n pò fún iṣẹ́ náà, kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n yọ́. Kí a má sì fi oríṣi méjì sára ẹ́ńjìnnì kan. Níbi tí bọ́ọ̀tì sítéńlẹ́ẹ̀sì bá ti wọ inú alumíníọ̀mù, wọ́ṣà oníke àti gíríìsì ni kí a fi sáàárín wọn, bíi pépà HMS Alarm. Ọ̀dà tó ní bàbà nínú, tí wọ́n ń kùn sísàlẹ̀ ọkọ̀ kí ewéko má baà hù, kò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì.

Iná bátìrì yára ju gbogbo èyí lọ. Wáyà pọ́ńpù tí wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n fi tépù wé, tó wá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ìdí ọkọ̀, lè jẹ irin ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ju bí òkun á ṣe jẹ ẹ́ lọ́dún púpọ̀. Wáyà bàbà tí wọ́n fi tánganran bò la lò, a gbé gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ sókè ibi tí omi kò lè dé, a sì fi ohun tí a lè fi gé iná bátìrì sí i.

Ní ti èéwo wẹ́wẹ́ tó máa ń sú sísàlẹ̀ ọkọ̀, tí omi inú rẹ̀ ń rùn bíi fínígà, díẹ̀ ni tiwa. Omi tó wọ inú fáíbà fúnra rẹ̀ ló ń fà á, omi tí kò níyọ̀ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sì burú fún un ju omi òkun lọ. A tú u, a fọ̀ ọ́ léraléra, a jẹ́ kó gbẹ, a fi epoxy dí i. Kò pa ọkọ̀.

A parí ní òpin oṣù Kejì, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. A gbé igi sábẹ́ imú ọkọ̀ náà kó lè gbé orí sókè, kí omi máa ṣàn lọ sẹ́yìn. A na ọ̀pá kan láàárín rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, a fi tapólì bò ó bí òrùlé, a fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀ kọjá. Bàbá Ìlàjẹ bẹ̀rẹ̀, ó yọ ohun tí a fi ń dí ihò ìdí ọkọ̀, ó fi okùn so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ́ńjìnnì. Ó ní ọkọ̀ tó bá wà lórí ilẹ̀, kí ihò rẹ̀ máa wà ní ṣíṣí; ẹni tó bá sì fẹ́ tì í sómi, kò lè ṣáná sí ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ohun tí a fi ń dí ihò náà ń mì fìrì fìrì lójú rẹ̀.